Ife Tẹníìsì Pirinsípà Wa

Ọdún tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan láti Jámánì gba ife tẹníìsì orí koríko ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá àwọn olùkọ́ la ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìjerò. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Pirinsípà wa ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé bó ṣe ń ju ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbayò lọ́wọ́ àwọn tó jù ú lọ, ìyájú gbáà ni. Gbogbo olùkọ́ kan sáárá sí pirinsípà. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ikùn mi.

A ní ìdíje tiwa náà, lórí koríko tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àdá gé lẹ́yìn ilé-ìwé. Aṣọ funfun balau ló pọn dandan, torí wọ́n ń fara wé Lọ́ńdọ̀nù. Pirinsípà nìkan ló sì ń gba ife lọ́dọọdún. Kò kúkú mọ̀ ọ́n gbá, ikùn rẹ̀ kì í jẹ́ kó sáré. Àwọn olùkọ́ ló ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì gbayò lọ́wọ́ rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, á ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé ojo lásánlàsàn ni wọ́n.

Lọ́dún yẹn, èmi ni mo bá a dé àṣekágbá. Iṣẹ́ mi kò tíì fìdí múlẹ̀. Lẹ́tà tó máa sọ mí di olùkọ́ gidi ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Ìjerò wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ń bẹ lórí tábìlì pirinsípà, ó ku kó fọwọ́ sí i kó lọ sí Àkúrẹ́. Mo ní kí ló kàn mí. Ìyàwó mi fi búlúù fọ ṣòkòtò péńpé mi kó lè funfun, ó wá jókòó síwájú láàárín àwọn òǹwòran.

Mo nà án bí ẹni máa kú. Ó ku ayò kan péré kí n gba ife. Pirinsípà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rọra gbá bọ́ọ̀lù kan wá, èyí tí ìyá àgbà lè dá padà. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Kò tilẹ̀ wò mí. Mo gbé e sínú àwọ̀n, mo tún gbé òmíràn síbẹ̀, àti gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo ń ṣàlàyé pé oòrùn ló wọ̀ mí lójú. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ni oòrùn wà."