Àgbàdo Tó Gbóná Nínú Àká

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo wà lórí àkàbà, mo ki ọwọ́ bọ inú àká dé ìgúnpá láti bu àgbàdo tí a máa lọ̀, mo sì fà á yọ kíá. Inú àká gbóná bí inú ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Òórùn kíkan kan tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde, èébu aláwọ̀ ewé sì ti bo àwọn hóró tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ìyá àgbà, àgbàdo yìí gbóná!"

Wọ́n jáde láti ilé ìdáná, wọ́n gbóòórùn ọwọ́ mi. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn yíjú sí bàbá mi tó ń pọ́n àdá lábẹ́ igi ọsàn.

"Wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ. Mo ní kó sá àgbàdo, ó ń kàwé fún un."

Issaba, nítòsí Pobè, ni ilé wa nígbà náà. Àgbàdo òjò àkọ́kọ́ ni, èyí tó máa ń ṣòro pa mọ́ jù, torí inú òjò ni a ti ń kórè rẹ̀. Oòrùn á yọ díẹ̀, á tún sá wọlé. Èmi ni mo ń sá a. Láàárọ̀, mo máa ń tẹ́ ẹní, mo máa ń fi ẹsẹ̀ wọ́ àgbàdo káàkiri lórí rẹ̀, á máa dún ṣàà, ṣàà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń sáré kó o wọlé, nígbà mìíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Mo ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò ò kán sí i rí lọ́wọ́ mi.

Ìyá àgbà ló ń sọ ọjọ́ tó gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ eyín wọn. Wọ́n á fi hóró kan sí eyín ẹ̀yìn, wọ́n á gé e. Bó bá dún kọ̀ọ́, ó ti gbẹ, bó bá rọ̀, ó di orí ẹní padà. Àwọn obìnrin mìíràn máa ń bu tiwọn wá kí wọ́n bá wọn gé e wò. Àká wọn jẹ́ agbọ̀n ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ nínú, ó dúró lórí òpó mẹ́fà, wọ́n sì fi páànù yí òpó kọ̀ọ̀kan ká kí eku má baà gùn ún. Kí àgbàdo tuntun tó wọ̀ ọ́, wọ́n á gbá a mọ́ títí dé kọ̀rọ̀, wọ́n á sun ata gbígbẹ sí abẹ́ rẹ̀ kí èéfín lé kòkòrò tó sá pamọ́ sí ara amọ̀. Gbogbo wa á máa sín, ìyá nìkan ni kì í sín. Bí mo ṣe ń bínú sí wọn tó, mi ò tíì rí ẹni tó ń tọ́jú àká bíi tiwọn.

Lọ́dún yẹn, wọ́n fi hóró sẹ́nu, wọ́n ní, "Ó ti gbẹ." A dà á sínú àká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi bá iná pàdé nínú rẹ̀.

Bàbá mi ò gbọ́ àlàyé. "Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé lóṣù kẹwàá, ìwọ ò lọ mọ́. Sakété ni wàá lọ, kí o lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta ọṣẹ. Ìwé ti ba ọwọ́ rẹ jẹ́."

Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa ní Pobè, ti sọ fún bàbá mi pé lọ́dún tó ń bọ̀ ni mo máa ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ìyá ń gbọ́. Wọ́n ń fọ ìkòkò wọn lọ.

A kó gbogbo àgbàdo náà jáde, a sì ṣà á. Ìyá ò jẹ́ kí a fún adìẹ pàápàá ní èyí tó ti bu. Wọ́n ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ kí a bò ó. Mo tún sá èyí tó kù. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá fi hóró kan sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ sókè sódò, wọ́n tu ú dànù. "Ó ti gbẹ."

Hóró náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo mú un. Odindi ni. Eyín kankan ò kàn án.

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá ò bá wa jẹ àgbàdo sísun mọ́. Ẹ̀kọ àkàsà tí wọ́n fi omi pò ni wọ́n ń mu, wọ́n ní inú ló ń run wọ́n.

Kí ni kí n ṣe? Ta ni mo máa sọ fún pé ìyá bàbá mi ń purọ́? Bí mo bá sì dákẹ́, àgbàdo á tún bu, Sakété ló kàn.

Obìnrin Mùsùlùmí kan máa ń ti Ìlaro wá ra àgbàdo lọ́jà Pobè. Kò mọ eyín ìyá, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó máa ń da hóró díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, á mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, á ní, "Ẹ gbé omi yín lọ o, àgbàdo ni mo wá rà."

Mo wá ìgò. Mo mì ín níwájú ìyá, nígbà tí bàbá mi wà lóko.

"Kí tún nìyẹn, Màdáàmù oníwèé?"

"Iyọ̀ ni, Ìyá àgbà. Ẹ wò ó, ó lẹ̀ mọ́ ìgò. Ó ṣì ku oòrùn díẹ̀."

Lẹ́yìn náà, mo la ọwọ́ kejì, odindi hóró tí wọ́n tu dànù wà nínú rẹ̀.  Wọ́n mú un, wọ́n jù ú sórí ẹní.

"Sá a padà," ni wọ́n wí.

Ó gba ọjọ́ mẹ́ta sí i. Lọ́jọ́ kẹta, iyọ̀ ń dà sí ìsàlẹ̀ ìgò bí iyanrìn, kò sí ẹyọ kan tó lẹ̀. A sun ata, a da àgbàdo sínú àká, èmi ni mo gun àkàbà. Títí òjò ọdún kejì fi dé, a ò rí èébu nínú rẹ̀ mọ́.

Mo ti dàgbà ju bí ìyá ṣe dàgbà nígbà yẹn lọ. Àgbàdo oko mi ní Ahoyéyé, inú kẹ́ẹ̀gì tí mo dí ẹnu rẹ̀ pa ni mò ń pa á mọ́ sí, ṣùgbọ́n mi ò tíì dí èyíkéyìí láìmì ìgò. Eyín èmi náà ti ká báyìí, àtọwọ́dá ló wà lẹ́nu mi, mi ò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ò sọ òótọ́ fún àwọn obìnrin àdúgbò tó ń pè mí ní jẹ́-kó-bu. Ìyẹn ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n. Ṣùgbọ́n èémí tí mo mí lọ́jọ́ tí a pa àká dé, mo ṣì mọ bó ṣe fúyẹ́ tó. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi ti ń pè mí pé kí n wá di ẹrù Sakété. Ìyá di àkàbà mú fún mi títí mo fi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ní:

"Lọ sọ fún bàbá rẹ pé ilé ìwé ni mo ní kí o lọ. Bó bá bi ọ́ pé kí ló dé, ní kó wá wo ẹnu mi."