Àga Kejì ní Etí Àbàtà Redan

Uncle Ọláfimíhàn kú sórí àga ní etí àbàtà kan ní Redan, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Dókítà sọ fún Mọ́tọ́lá, ọmọ wọn, pé ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó tètè pe 911 ni, bóyá wọn ì bá má kú.

Ta ló yẹ kó wà lórí àga yẹn? Èmi ni. Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Stockbridge. Ẹ má wo ojú ara yín.

Ẹyẹ kékeré kan ni Uncle ń wá níbẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ó tó ọdún mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ti rí i kẹ́yìn ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n súfèé ohùn rẹ̀ fún mi, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

“Abímbọ́lá, mo ti rí i o! Ẹ̀ẹ̀mejì!”

Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹyẹ, tó ní ọ́fíìsì ní Downtown, àárín ìlú wa níbí, kò gbà. Òfin rẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ pé méjì. Lẹ́tà mẹ́rin ni Uncle kọ pé kó rán ẹnì kan wá. Èsì rẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ kò tó. Ṣé láti Downtown dé Redan ti wá di ìrìn àjò òkè òkun ni?

Ni Uncle bá yíjú sí wa, pé ká wá bá àwọn jókòó ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Kí la máa ń sọ? “By God's grace, Uncle, next Saturday.” Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a ṣe ń kọ̀ fún àgbà nìyẹn láìjẹ́ kó dùn wọ́n. Àwọn náà mọ̀. Síbẹ̀, àga méjì ni wọ́n ń gbé lọ.

“Daddy, wọn ò ní wá now. Why two chairs?” Mọ́tọ́lá bi wọ́n.

“Tí wọ́n bá wá ńkọ́? Ṣé kí wọ́n wà lórí ìdúró ni?”

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. A ń sáré wá àga kiri! Alàgbà Akínbọ̀dé ní ẹni tó fẹ́ràn èèyàn ni olóògbé. Ìtìjú bò mí, mo sì sunkún títí ojú mi fi wú.

Mọ́tọ́lá fún mi ní ìwé tí Uncle máa ń kọ nǹkan sí ní etí àbàtà. Orúkọ ẹni tó bá ṣèlérí wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tèmi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn nìyí: “Òtútù mú díẹ̀. Ẹyẹ náà ti ké. Abímbọ́lá ń bọ̀.”

Kí ẹgbẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹyẹ náà sọ ẹni tó ti lẹ́tà mẹ́rin yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa, kó sì rán èèyàn wá sí Redan ní Sátidé yìí. Ẹ̀yin ará ìjọ, mo ti gbé àga méjèèjì sínú mọ́tò. Ẹni tí kò bá ní wá, kó là á mọ́lẹ̀ fún mi pé òun ò wá.