Ìbò Méjì Tí A Dì Lọ́jọ́ Kan ní Nichelino

Òórùn candeggina tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú tí mo bá rántí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí a máa ń yá ní Nichelino, òun àti òórùn kóòtù tí òjò pa. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ Yorùbá agbègbè Turin ní Ítálì, ti dìbò lọ́jọ́ náà. Alága wa ti kú, ó ku oṣù díẹ̀ kí sáà rẹ̀ pé, sáà tuntun ọlọ́dún méjì yóò sì tẹ̀ lé e. Torí pé gbọ̀ngàn kì í rọrùn láti rí, wọ́n ní ká di ìbò méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan: ìwé funfun fún oṣù tó kù, ìwé pupa fún sáà tuntun. Àwọn méjì kan náà ló ń du méjèèjì.

Ọ̀kan ni igbákejì alága, obìnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nínú ilé wọn. Mo jù ú lọ dáadáa, Màmá ló ń pè mí. Ìkejì ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ọmọlúàbí ni, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo Sátidé, àwọn tí a óò ní kí wọ́n wá jẹun, tí wọ́n á fi èdè Ítálì ní "arrivo", àwọn ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án, tí iléèwé bá wọlé, ló fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, inú sáà tuntun nìyẹn. Ìwé pupa ló jẹ ẹ́ lógún.

Àìsàn ń ṣe é. Èmi nìkan ló sọ fún, torí èmi ni mo ń sìn ín lọ sí ọsibítù. Ó sọ fún àwọn yòókù pé ààwẹ̀ ni òun ń gbà, ó sì ń wọ súwẹ́tà méjì léra kí èjìká rẹ̀ lè kún aṣọ.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ó wọlé dáadáa nínú ìwé funfun. Nínú ìwé pupa, ó fìdí rẹmi, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ tún un kà," ni bàbá kan wí, "àbí ìwé pupa ti mu ọtí ni?" Wọ́n tún un kà, bákan náà ni. Àwọn kan ní màgòmágó wà níbẹ̀, àwọn kan ní àwa ìyá àgbà la ṣi ìwé tẹ̀. Mo wo ojú àwọn obìnrin ẹgbẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ìgbà náà ló yé mi. Wọ́n ti fún un ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n rò pé ó kù fún un láyé.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, ó yíjú sí mi.

"Màmá, ta ló sọ fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ. Ojú ni wọ́n ní."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ìwọ ni mo tẹ̀ níbi méjèèjì."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A jẹ́ pé ẹ ò mọ ìṣirò nìyẹn."

Mo bá a di bọ́tìnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn.

Ó ṣe oṣù tó kù yẹn láìyẹsẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹgbẹ́ fún ọ̀dọ́kùnrin náà. Kò dárúkọ ẹ̀kọ́ Sátidé mọ́. Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á ní kí n bu omi fún òun. Oṣù kẹsàn-án bá a láyé, ó jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ọmọ tó gbé báàgì kọ́rùn. Ìgbà tí kùrukùru tún bo ìlú ló lọ. Níbi ìsìnkú, obìnrin kan rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ rí i pé a ò ṣì í." Bóyá wọn ò ṣì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Wọ́n bá a pín ọjọ́ rẹ̀ lójú ẹ̀, wọ́n sì pè é ní àánú.

Nísinsìnyí, bí mo bá ń tọ́jú ẹni tí dókítà ti ní kò ní pẹ́, mo máa ń bi í ní ohun tó fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Màá fa àga, màá jókòó, màá jẹ́ kó sọ ọ́ tán.