Ọwọ́ Òsì Ràfátù ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Rélùwéè

Ẹ̀yin èèyàn ìsinsìnyí, ẹ kàn ń da ọ̀rọ̀ nù ni. Ẹni tó bá ti lè fi fóònù ya àwòrán ara rẹ̀ níwájú dígí, ẹ ní "ó mọ kọ̀ǹpútà." Ẹni tó bá din ẹyin tí ò jóná, ẹ ní "ọ̀gá ni." Ẹ ti ná gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn tán sórí ohun tí ò tó nǹkan. Bí èèyàn gidi bá wá yọ lójú ọ̀nà, kò ní sí ohun tó kù lẹ́nu yín tẹ́ ẹ máa fi yìn ín, ẹ ó kàn la ẹnu sílẹ̀ bí ìkòkò tí ò ní ìdérí. Ó mọ kọ̀ǹpútà kọ́, ó mọ kọ̀ǹpútà ni! Ràfátù ló mọ kọ̀ǹpútà.

Ràfátù yìí, ọmọ Àjàní télọ̀ ni, lẹ́yìn ìdíkọ̀ rélùwéè níbí l'Ọ̀fà. Òsì ni Ọlọ́run fi rán an wá sáyé. Láti ìgbà tó ti ń rá pálá, bí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń kọ́kọ́ dé inú ọbẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ á gbá a lọ́wọ́ pá.

"Ọwọ́ tí à ń fi fọ ìdí lo kì bọ ọbẹ̀ yìí? Ìwọ ọmọ yìí, ta lo fẹ́ pa?"

Nígbà tí gbígbá ò ràn án, màmá náà já àkísà nínú èyí tí Àjàní gé kù, ó so ọwọ́ náà mọ́ ọmọ nídìí. Bó bá ti jẹun tán, wọ́n á tú u. Ó dé ilé ìwé, tíṣà náà fi pàṣán kún un. Ràfátù wá di ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú ayé. Ọ̀tún ló fi ń jẹun, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ìwé tó dà bí ibi tí adìẹ tú. Bí kò bá sẹ́ni nítòsí nìkan ni òsì rẹ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe.

Ohun tó gbé e dé ìdí títẹ̀wé nìyẹn. Tápúráítà kì í bá èèyàn jà nítorí ọwọ́, méjèèjì ló fẹ́. Ọjọ́ tí Ràfátù kọ́kọ́ jókòó sídìí rẹ̀, ó rí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àkísà ọjọ́ náà lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n tó kọ́ ọ dé ìdajì, ó ti ń tẹ̀wé bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Bàbá Oyètúndé ló gbà á síṣẹ́. Jacob lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àmọ́ Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì. Ó ti kúrò ní rélùwéè, ṣùgbọ́n rélùwéè ò kúrò lára rẹ̀. Bí aago bá lu mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Áńkáṣífù funfun máa ń wà lápò rẹ̀ tó fi ń nu orí tábìlì wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Nígbà tí póli dé Ọ̀fà, tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbé prójẹ́ẹ̀tì wá lọ́tùn-ún lósì, Bàbá ta àwọn tápúráítà rẹ̀, ó ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ó fi Ràfátù, Roseline àti Fọlákẹ́ sídìí wọn.

Àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi bí àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n ìwà dáadáa kan wà lára wọn: èèyàn lè sọ fún wọn bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rí. Láìpẹ́, Roseline ti sọ ojú ẹ̀rọ tirẹ̀ di pupa àti yẹ́lò, bí ẹni da epo sórí gààrí. Fọlákẹ́, tí funfun ń dun lójú, sọ tirẹ̀ di dúdú bí èédú. Ràfátù ò bá àwọ̀ jà. Máòsì ló ń dà á láàmú, nǹkan tó rí bí ọṣẹ tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí, tí wọ́n fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú ẹ̀rọ. Ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí fún gbogbo wọn, ó sì ń sá fún un lọ́wọ́ bí adìẹ tó rí ọ̀bẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, ó ń ṣí inú ẹ̀rọ náà wò káàkiri bí ìyàwó tuntun tó ń ṣí ìkòkò ìyá ọkọ. Bó ṣe kan ibì kan nìyẹn tí wọ́n ya máòsì kékeré sí. Ó kà á, ó tún un kà. Ẹ̀rọ ń bi í léèrè ni pé: ọ̀tún lo fẹ́, àbí òsì?

Ìyá ìyá rẹ̀ ò bi í rí. Tíṣà ò bi í. Àjàní tó bí i lọ́mọ ò bi í. Ẹ̀rọ tí wọ́n dì sínú páálí láti òkè òkun ló wá ń bi í. Ràfátù wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ọbẹ̀, ó sọ fún ẹ̀rọ pé òsì, ó gbé máòsì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó ṣe fọwọ́ lé e báyìí, nǹkan náà dúró jẹ́ẹ́.

Roseline rí i. Ojú Roseline ò fo nǹkan. "Ọlọ́wọ́ òsì, máa rọra o! Má fi gbá mi létí. Wọ́n ní ó máa ń dunni ju ti ọ̀tún lọ."

"Dákẹ́ ariwo, kí n má fi dán an wò lára rẹ."

Ó dára fún un títí di ọjọ́ tó lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan láti ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ilemona dé, ó fẹ́ gba lẹ́tà rẹ̀ kíákíá, ọkọ̀ ń dúró dè é. Bàbá ní kò tó nǹkan, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ Ràfátù. Ó tẹ máòsì, ẹ̀rọ ò dáhùn. Ó tún un tẹ̀. Ó gbá a mọ́ tábìlì. Nítorí òsì tí Ràfátù ti yàn, bọ́tìnnì méjì orí máòsì ti pààrọ̀ iṣẹ́, ìka tí Bàbá mọ̀ kọ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ó jọ pé ẹ̀rọ yín ò mọ̀ yín."

Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dun Bàbá tó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó kó àwọn ọmọ náà jọ, ó dúró ṣánṣán níwájú wọn.

"Dírẹ́bà tó bá ti Jẹ́bbà dé lè gun ẹ́ńjìnnì tó ń lọ Òṣogbo. Kò ní béèrè ibi tí búréèkì wà, torí ibi tó wà nínú ọ̀kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Bí kálukú bá ń gbé búréèkì síbi tó wù ú, ta ló máa kú? Èrò inú ọkọ̀ ni!"

"Bàbá, kò sí èrò kankan nínú kọ̀ǹpútà mi," Roseline ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Pa ẹnu dé! Láti òní lọ, gbogbo ẹ̀rọ á rí bákan náà. Àwọ̀ kan, ètò kan, máòsì lápá ọ̀tún. Ìwọ Ràfátù, bí mo bá tún rí òsì rẹ lórí máòsì, ilé lò ń lọ. Níwájú oníbàárà! Ṣé a fẹ́ kí wọ́n rò pé à ń bú wọn ni?"

Òótọ́ kúkú ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ̀rọ kan péré ni jẹnẹrétọ̀ wọn lè gbé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa fún ara wọn láyè nídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Fọlákẹ́ ni wọ́n tàn, Roseline á ní òun ń ṣiṣẹ́ nínú ihò. Bó bá jẹ́ ti Roseline, Fọlákẹ́ á ní ojú òun ń ta. Iṣẹ́ á máa falẹ̀, epo á máa jó. Bàbá rí ìyẹn dáadáa. Ohun tí ò rí ni ọwọ́ Ràfátù.

Ràfátù gbé máòsì padà sí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ ebi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí. Ojú Àjàní ti ń ṣú, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, owó oṣù ọmọ yìí ni ìkòkò wọn fi ń hó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó máa ń parí kí wọ́n tó kírun ọ̀sán wá ń rá pálá di alẹ́. Àwọn ọmọ póli ń kùn. Bàbá wò ó, ó ní bó bá rí báyìí títí ìparí oṣù, òun á wá ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ibí yìí ni ọmọ náà ti jẹ́ èèyàn lójú tèmi. Ẹlòmíràn á sunkún, á ní ayé ò fẹ́ràn òun. Ràfátù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹ̀rọ náà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Ó ṣàkíyèsí pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá, ìlà tíńrín kan wà lábẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Roseline, kí nìdí tí wọ́n fi fa ìlà sábẹ́ èyí?"

"Àbí òyìnbó náà ti ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà bíi tiwa ni? Jọ̀ọ́, tẹ ìwé rẹ."

Ràfátù ò gbà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fa ìlà lásán, pàápàá ẹni tó fẹ́ tajà. Ó ń tẹ bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lẹ́tà yẹn, títí tó fi kan èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n fi ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ lẹ́tà onílà, àfi gbàgà, ilẹ̀kùn ṣí! Gbogbo ohun tí máòsì ń ṣe ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Kí oṣù tó parí, Ràfátù ò nílò máòsì mọ́. Ó jókòó síbẹ̀ lápá ọ̀tún bí òfin ṣe wí, òun kàn ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ bọ́tìnnì lọ ràì. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yá ju Roseline àti Fọlákẹ́ papọ̀.

Bàbá ò mọ̀. Bí àlejò bá wọlé, á nawọ́ sí i: "Ẹ wo ọmọ yẹn. Òsì ló ń lò tẹ́lẹ̀. Òfin ló tún un ṣe." Ràfátù á kúnlẹ̀ kí àlejò. Ó mọ̀ pé bí Bàbá bá gbọ́, ó lè ní òun fi í ṣe ẹlẹ́yà, kó lé òun lọ. Bó ṣe ń gbé e mì nìyẹn.

Ọyẹ́ ló tú u fó. Ọyẹ́ ọdún náà le, eruku bo gbogbo nǹkan. Bàbá dé láàárọ̀ pẹ̀lú áńkáṣífù rẹ̀, ó ń nu tábìlì. Ó gbé máòsì Roseline, àtẹ́lẹwọ́ ti mú un dán. Ó gbé ti Fọlákẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó gbé ti Ràfátù, eruku ló bò ó mọ́lẹ̀, aláǹtakùn ti so okùn mọ́ ọn nídìí.

"Ràfátù! Ọwọ́ wo lo fi ń ṣiṣẹ́ mi?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó rántí ìkòkò ilé. "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí ọwọ́ kankan tí mo fi ń kan máòsì."

"O fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni lè jókòó sídìí ẹ̀rọ èyíkéyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n da tiwọn rú."

Ó sọ fún Roseline kó dá pupa àti yẹ́lò rẹ̀ padà, Roseline ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fọlákẹ́ sọ tirẹ̀ di dúdú. Ràfátù jókòó sídìí ti Roseline, ó ṣí ìwé, ó tún un ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dìde, ó lọ sídìí ti Fọlákẹ́, ó ṣe bákan náà. Kò fọwọ́ kan máòsì kankan. Ó wá sọ fún Bàbá kó jókòó, ó fi bọ́tìnnì mẹ́rin tí wọ́n ń lò jù hàn án. Bàbá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, gọ́ngọ́gọ́ngọ́, lẹ́tà jáde.

"Bàbá, àwọ̀ lè yàtọ̀. Búréèkì ò kúrò níbi tó wà."

Bàbá bọ́ fìlà, ó họ orí. "Kí lo wá fẹ́?"

"Mo fẹ́ máòsì mi lápá òsì."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí pé o lè ṣe é láìsí i!"

"Mo lè ṣe é láìsí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ."

Lórí ìkúnlẹ̀ ló wà tó fi sọ ọ́ o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò gbójú sókè sí àgbà. Ẹ wá ọmọ tó lè sọ "mo fẹ́" báyẹn, tí kò ní sí àrífín nínú rẹ̀. Bàbá gbé máòsì náà fúnra rẹ̀, ó já okùn aláǹtakùn dànù, ó gbé e kọjá sí òsì.

"Ṣùgbọ́n ọ̀tún lo máa fi gba owó lọ́wọ́ oníbàárà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alhaja Àbẹ̀ní, èyí tó ń ta irin, wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó rí òsì Ràfátù tó ń lọ tó ń bọ̀, ó pòṣé. "Jacob, òsì lọmọ yìí fi ń tẹ ìwé ìgbéyàwó ọmọ mi? Ṣé ó fẹ́ kó tú ká ni?"

Ràfátù dáwọ́ dúró. Ó gbà pé ó tán.

Bàbá ò tilẹ̀ dìde. "Alhaja, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi wọ rélùwéè lọ Èkó, ṣé ẹ lọ wo ọwọ́ tí dírẹ́bà fi di búréèkì mú rí?"

"Mi ò lọ wò ó."

"Ọkọ̀ dúró àbí kò dúró?"

"Ó dúró."

"Ràfátù, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Alhaja jókòó, ó wá ń bá fáànù jà pé kò fẹ́ atẹ́gùn. Kò sẹ́ni tó tún fẹnu kan ọwọ́ ọmọ náà mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Roseline alára wá rí i pé ẹnu ọ̀nà ti ṣí, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá bíi ti Ràfátù, ó ní òun náà ní ohun tí òun fẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n máa wọ aṣọ tó bá wù wọ́n wá síbi iṣẹ́ dípò búlúù tí Bàbá rán fún wọn. Bàbá wò ó láti orí délẹ̀, ó ní, "Ìwọ Roseline, bí mo bá gbà fún ọ, ṣé o mọ̀ pé…" Ta nìyẹn? Asiata, ìwọ lò ń pariwo báyẹn ní ilé ìdáná? Kí ló ń jóná? Ẹ̀wà wo? Mo ní kó o bu omi sí i látàárọ̀, o ò gbọ́, mò ń bọ̀, má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn o, kí n má baà…