Àlàájì Ọláìtán àti Eérú Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Omi

Ní Ìgàndó, kò sẹ́ni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tí kò gbọ́ ìtàn suẹ́tà Injiníà Charity. Ọjọ́ ọyẹ́ ni. Obìnrin náà ti fẹ́ rajà lọ́wọ́ Báyọ̀, tóun náà ń mọ búlọ́ọ̀kù, tán, kí olóògbé Àlàájì Ọláìtán, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lódìkejì títì, tó sọdá tòun ti páìpù rọ́bà àti abọ́ eérú.

"Màdáàmù, ẹ yá mi ní suẹ́tà yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Àlàájì?"

"Ẹ ṣá bọ́ ọ, jàre."

Ó fi suẹ́tà náà ra páìpù kíkankíkan, ó nà án sókè eérú. Ni èédú dúdú inú eérú bá ń fò lọ lẹ̀ mọ́ páìpù. Ó wá fi suẹ́tà funfun yẹn kan náà nu páìpù. Injiníà kígbe, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ Àlàájì. Owú kò jẹ́ kí Báyọ̀ jẹun ọ̀sán.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń dáná èédú ilẹ̀ ni eérú náà ti ń wá. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó máa ń mú búlọ́ọ̀kù le, àmọ́ èédú inú rẹ̀ tí kò jóná tán ní í bà á jẹ́. Àlàájì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fomi yọ ọ́. Báyọ̀ ní irọ́ ni, àṣírí ló ń fi pamọ́. Ó da eérú sí dúrọ́ọ̀mù, ó bomi sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ti le gbagidi.

Àlàájì wá wò ó. "Báyọ̀, ìwọ lo mọ búlọ́ọ̀kù tó tóbi jù ní Alímọ̀ṣọ́!" Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó kọ́ ọ ní gbogbo ọgbọ́n páìpù náà. Báyọ̀ ò dúpẹ́.

Tí òjò bá dé, ìkòkò Àdíját, ìyàwó Àlàájì, ni ọkùnrin náà fi ń yan eérú kó lè gbẹ, torí èédú inú eérú tútù kì í fò. Tí wọ́n bá bi í pé kí ló ń sè, á ní, "Ilé ni." Báyọ̀ jowú ìyẹn náà, torí ìyàwó tiẹ̀ ò lè yá a ní ṣíbí.

Àlàájì kú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo oníbàárà sọdá sọ́dọ̀ Báyọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni Fẹ́kọ́mi, tó ń kọ́lé, fọwọ́ lu búlọ́ọ̀kù kan wò, ó ní, "Ọ̀gá Báyọ̀, tiyín dáa ju ti Àlàájì lọ."

Ọ̀rọ̀ tí Báyọ̀ ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn.

"Irọ́ ni!" ló fi dáhùn, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àlàájì ló kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ bíi tiẹ̀, títí kan èmi gan-an."

Owú ọ̀hún ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àmọ́ ní báyìí, torí Àlàájì ló fi ń jowú, kò fẹ́ kí wọ́n ní ẹnikẹ́ni dáa jù ú lọ.