Ìbọn Bọ̀dá Tìrì Ò Kúrò Nínú Àpótí

Ẹni tó bá tún pe Bọ̀dá Tìrì ní ojo lójú mi, àwa méjèèjì la jọ máa yanjú ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ ní Moore Street, ní Dublin níbí. Mo ti gbọ́ ọ níwájú mọ́ṣáláṣí. Mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó sórí àga mi tí mò ń gẹrun fún. Irun ẹ̀ ò dọ́gba títí dòní.

Tìrìmísíyù lorúkọ ẹ̀ gan-an, ọmọ Ìgbòho. Ó wà lára àwọn tó wá tọrọ ààbò ní nǹkan bí ọdún 2000. Ìgbà tí ìwé ẹ̀ jáde, ó ríṣẹ́ ní wíàháòsì kan ní Mulhuddart, fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè sílẹ̀, ló ń wà níbẹ̀. Kò ga, kò sanra, tó bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ máa ní láti sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó gbọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ nílùú yìí: ó ní ìbọn.

Ẹ má sá. Ìbọn tó ní láísẹ́ǹsì ni. Ìléwọ́ kékeré, èyí tí wọ́n fi ń lu bébà níhò fún eré. Declan, fóòmánù ẹ̀ níbi iṣẹ́, ló mú un lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn kan ní ìgbèríko Meath, nígbà tí ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn láṣẹ ìbọn ìléwọ́. Òyìnbó rò pé ariwo ẹ̀ máa lé e sá. Kò mọ̀ pé ọmọ ọdẹ ni. Ìbọn ni bàbá ẹ̀ fi bọ́ wọn dàgbà.

Tí wọ́n bá yìnbọn tán níbẹ̀, tíì ló kàn, tíì àti àríyànjiyàn. Mo tẹ̀ lé e lọ rí, mo fetí ara mi gbọ́. Declan ní òfin Ireland ò mọ nǹkan kan, pé èèyàn tó lọ́gbọ́n lórí, tó sì mọ ìbọn lò, ó yẹ kó lè máa gbé e sára bó ṣe ń gbé fóònù, torí olè ò ní tọrọ àyè kó tó já wọlé. Àwọn méjì mi orí sí i. Ìyá kan tó ń jẹ́ Gráinne, òun ló ń bójú tó pápá ìyìnbọn náà, gbé kọ́ọ̀bù ẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ọjọ́ tóun bá ti gbé ìbọn sápò lọ ra mílíìkì, ọjọ́ náà lóun ti kúrò nínú eré, ó di pé òun ń wá ẹnì kan. Ó bi Declan pé ta ló ń wá? Ni wọ́n bá kọjú sí Bọ̀dá Tìrì pé kí lòun rí sí i.

Ó ní bàbá òun, tó bá ń ti oko ọdẹ bọ̀, odò kan wà kí wọ́n tó wọ̀lú. Ibẹ̀ ló ti máa ń tú ẹ̀tù inú ìbọn dànù, ọdẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tó kọjá. Ó ní, "Ti igbó nìbọn. Ẹnu la fi ń gbé ìlú."

Gráinne rẹ́rìn-ín. Àṣà tiwọn náà nìyẹn: kò sẹ́ni tó ń kúrò lórí ìlà láìjẹ́ pé ó ṣí ìbọn ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíì ki ọmọ-ìka ẹ̀ bọ̀ ọ́ láti mọ̀ pé kò sí ọta ńbẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Parnell Street.

Sìlífátù, àbúrò Bọ̀dá Tìrì, ló ni sàlúùnù tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin níwájú, èmi àti clipper mi lẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2006, àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wá lẹ́nu ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á ju ẹyin, wọ́n á bú wa, wọ́n á sá. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi òkúta fọ́ gíláàsì, àfọ́kù ẹ̀ gé ìyá kan tó wá dirun lápá. Sìlífátù pe ọlọ́pàá, wọ́n dé, wọ́n ní wọ́n máa lajú sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ládiípọ̀, ọkọ Sìlífátù, gbaná jẹ. Ó ní, "Àna mi ní ìbọn, àwa sì ń sá fún ọmọ tí ò tíì fárùngbọ̀n!" Ó ní kí Bọ̀dá Tìrì wá jókòó sí sàlúùnù ní Sátidé, kó kàn gbé e sínú jákẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ káwọn ọmọ náà rí ìdí ìbọn. Bọ̀dá Tìrì ní rárá. Láti ilé dé pápá, láti pápá délé, ibi tí ìbọn náà mọ nìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, tẹ́ ẹ bá sọ fún ọlọ́pàá pé torí kẹ́ ẹ lè dáàbò bo ara yín lẹ fi fẹ́ ìbọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ ò ní rí i gbà.

Ládiípọ̀ wá ṣe nǹkan tó jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ wa nìkan ló lè ṣe é. Ẹ mọ bá a ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri nílé pé ilé yìí kì í ṣe títà? Pé ẹ ṣọ́ra fún ajá, nígbà tí kò sí ajá, tí kò tiẹ̀ sí ewúrẹ́? Ó mú káàdì ńlá, ó kọ ọ́ lóyìnbó gàdàgbà pé kí wọ́n ṣọ́ra, oníbọn tó ní láísẹ́ǹsì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nílé, olè á kà á, á gba ọ̀nà míì. Níbí, ọlọ́pàá ló kà á.

Wọ́n lọ bá Bọ̀dá Tìrì ní Mulhuddart. Ìbọn wà nínú àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri nínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ àtẹ̀gùn, ọta wà níbòmíì, gbogbo ẹ̀ pé, gbogbo ẹ̀ dáa. Síbẹ̀ wọ́n gbé e lọ títí ọ̀gá wọn á fi pinnu bóyá kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì náà lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Ládiípọ̀ lọ sọ fún wọn pé òun lòun kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Mo rí ojú Bọ̀dá Tìrì lọ́sẹ̀ yẹn. Ó sọ fún mi pé látìgbà tóun ti dé ìlú yìí, ìbéèrè lòun ń dáhùn: ta ni ẹ́, kí lo wá ṣe, ṣé òótọ́ lo ń sọ. Ọjọ́ tí ọ̀gá ọlọ́pàá fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì yẹn ni ìlú yìí kọ́kọ́ sọ fóun pé a gbà ọ́ gbọ́. Ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe irin.

Ládiípọ̀ ò tiẹ̀ gbọ́. Ó ní tí wọ́n bá dá a padà, kó kúkú máa gbé e kiri, ṣebí wọ́n ti bà á lórúkọ jẹ́ ná.

Bọ̀dá Tìrì wò ó. "Ládi, ṣé kí n yìnbọn fún ọmọ ọlọ́mọ nítorí ẹyin adìyẹ?"

Nígbà tó di Sátidé, ó dé. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Gbogbo títì ló ti mọ̀ pé wọ́n ti gba ìbọn ọwọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ náà dé, àwọn mẹ́ta, èyí tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa lọ́gàá wọn. Ó bi í pé mister, ìbọn ẹ dà?

"Wọ́n ti gbé e lọ," Bọ̀dá Tìrì dáhùn. "Èmi ló kù."

Ẹyin bà á láyà. Pàà. Ó ń ṣàn lára jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Kò nù ún. Ó bi ọmọ náà lóyìnbó, "Ọmọ ta ni ẹ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lọ. Ni Bọ̀dá Tìrì bá dìde, ó ń tẹ̀ lé wọn.

Kò sáré o. Ó kàn ń rìn. Àwọn ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó ń bọ̀. Wọ́n yára, ó ń bọ̀. Àwọn méjì yà síbì kan, ó ń tẹ̀ lé oníjákẹ́ẹ̀tì pupa. Èmi náà ń tẹ̀ lé e, clipper lọ́wọ́ mi, oníbàárà mi wà lórí àga pẹ̀lú ààbọ̀ orí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà. A wọ àárín àwọn flat ìjọba, ibi tí èmi tí mo gbọ́n jù yín lọ kì í gbà. Àwọn ọkùnrin dúró lórí bálíkónì, wọ́n ń wò wá. Ọmọ yẹn já wọ ilé kan, ó ti ilẹ̀kùn. Bọ̀dá Tìrì kanlẹ̀kùn.

Ìyá àgbà kan ló ṣí i. Bọ̀dá Tìrì tẹrí ba fún un, bó ṣe máa ṣe fún ìyá tiẹ̀ gẹ́lẹ́, ó kí i, ó wá sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹjọ́ ọmọ yín ni mo wá rò fún yín."

Ìyá náà wo ẹyin. Ó wò mí, ó wo clipper. Ó wá pe orúkọ ọmọ náà, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jẹ́, ẹ̀yin náà mọ nǹkan tíyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ náà jáde. Ìyá ju aṣọ ìnuwọ́ sí i. Kò bẹ̀bẹ̀ o, ẹ má jẹ́ n parọ́. Àmọ́ ó nu jákẹ́ẹ̀tì yẹn títí ó fi mọ́, orí ẹ̀ nílẹ̀. Ìyá ní, "Grand," bí wọ́n ṣe ń sọ níbí pé ó ti dáa, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ má rò pé gbogbo Parnell Street di mọ́ṣáláṣí látìgbà yẹn. Ẹlòmíì fọ́ ìgò sẹ́nu ọ̀nà wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n oníjákẹ́ẹ̀tì pupa, òdìkejì títì ló ń gbà.

Gráinne lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra ẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ra tó ọkùnrin yẹn nínú ẹgbẹ́ àwọn. Wọ́n dá ìbọn náà padà pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé irú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sí pápá, mo wà níbẹ̀. Declan ò lè pa á mọ́ra. "Tìrì, ká ní ó wà lára ẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Ká ní ó wà lára mi, mi ò bá má lè kan ilẹ̀kùn yẹn."

Gráinne ki ọmọ-ìka bọ inú ìbọn, ó ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Bọ̀dá Tìrì tì í mọ́ àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní ojo, flat yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn kan kí n rí yín.