Ọ̀nà Kánò sí Èkó Kò Ju Ìkòkò Ẹ̀wà Kan Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kabba, ẹ̀yin ọmọ mi, oúnjẹ la fi ń wọn ọ̀nà. Bí ẹ bá béèrè bí Iyah-Gbede ṣe jìn tó, wọ́n á ní ebi á ti pa yín kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ̀júkù ńkọ́? Ẹ máa sùn lọ́nà ni. Kánò kọjá èyí tí à ń fi oúnjẹ wọ̀n. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, ti ń ṣiṣẹ́, kò sì wálé rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè rẹ̀, ìyá àgbà á ní ọ̀nà jìn. Gbogbo wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà jìn.

Àfi bí awakọ̀ lọ́rí kan ṣe jíṣẹ́ àbúrò bàbá mi fún wa, pé wọ́n ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, pé ọkọ̀ òfúrufú ni yóò sì wọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ìyá àgbà bi tísà àdúgbò wa pé báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó lókè. Tísà wá ohun tí yóò yé e, ó ní kò ju ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jinná lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló da orí gbogbo wa rú. Ṣé Ẹ̀júkù wá jìn ju Èkó lọ ni? Bàbá mi ní irọ́ ni. Èmi rò pé bóyá ẹ̀wà Kánò ló le ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti ro tirẹ̀ pé: àwọn awakọ̀ tí òun mọ̀, Kabba ni wọ́n ń gbà kọjá, nítorí náà kí ẹ̀wà tó rọ̀, ọmọ òun á ti yà jẹun lọ́dọ̀ òun.

Ọjọ́ ọjà pé, kò lọ sọ́jà. Ó gbé ẹ̀wà kaná, èmi ń koná. Tísà yà kí i pé òkun o, bí a ṣe ń kíra ní Kabba, ó sì rọra ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà kì í dúró ní Kabba. Ìyá àgbà bi í pé ta ní í kọjá lójúde ìyá rẹ̀ tí kì í yà. Tísà họ orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà jinná. Ó bu omi sí i, ó tún bu omi sí i, títí ó fi di ọbẹ̀. A ò gbọ́ ìró kankan lókè. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó fa igi yọ lábẹ́ ìkòkò, ó ní:

"Nígbà tí ọ̀nà jìn, mo mọ ohun tó dá ọma mi dúró. Tí kò wá jìn mọ́ yìí, kí ni n ó máa sọ fáwọn èèyàn?"

Bàbá mi bu ẹ̀wà náà jẹ, kò sọ pé kò níyọ̀.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ní Àbújá sí Lọ́ńdọ̀nù kò ju ìkòkò ẹ̀wà mẹ́rin lọ, ẹ̀wà orí iná igi o, kì í ṣe ti gáàsì. Ọmọbìnrin mi wà níbẹ̀, mo ń rí ojú rẹ̀ nínú fóònù bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. Ẹ má bi mí bí ó ṣe jìn tó, kò tíì yé mi títí dòní. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Ó ní, "Màámi, ọ̀nà jìn."

Mi ò bá a jiyàn. Ó kúkú ti fún mi ní ohun tí n ó máa sọ fáwọn èèyàn.